Bí A Ṣe Ń Lo Ìwé Àtúnṣe Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Two-Stroke Àtijọ́

Ẹni tó bá ń fi ẹ́ńjìnnì two-stroke àtijọ́ (irú èyí tí a ń po òìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀) wa ọkọ̀ lórí adágún ìsédò, irú èyí tó wà ní Ìkùn-Èkìtì, yóò mọ̀ pé mẹkáníìkì rẹ̀ kò wọ́pọ̀, nítorí ọ̀kadà àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọwọ́ àwọn tó wà ní Adó mọ́ jù. Ìwé àtúnṣe ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an lè fa ìbàjẹ́ ju àìníwèé lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ nu irin tí a fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí pátákó kékeré tó ní nọ́ńbà móòdẹ́lì sábà máa ń wà, kí ẹ sì dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Johnson àti Evinrude láti ọdún 1980, lẹ́tà méjì nítòsí ìparí nọ́ńbà náà ló ń sọ ọdún. Ẹ kọ INTRODUCES sílẹ̀, ẹ fún àwọn lẹ́tà rẹ̀ ní 1 dé 9 ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí S tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ 0: CO di 1985, CD di 1986.

Ẹ wá ojú ìwé ìwọ̀n òìlì. Ọ̀pọ̀ gba 50:1, ìyẹn òìlì lítà kan sí bẹntiróòlù àádọ́ta lítà, àmọ́ àwọn àgbà kan gba 24:1. Òìlì yìí nìkan ló ń mú kí pístìnnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò sìlíńdà, máa yọ̀ geere. Bí ó bá kéré, pístìnnì á gan mọ́ sìlíńdà.

Ojú ìwé tí mo kà sí jù ni ti dídè orí sìlíńdà, ìyẹn ìdérí tó bo sìlíńdà. Nínú àwòrán rẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan, láti àárín lọ sí etí. Ẹ dè wọ́n díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ tẹ̀ lé nọ́ńbà wọn, kí ẹ tó padà dè wọ́n dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, nítorí bí apá kan bá le ju èkejì, orí sìlíńdà á wọ́, omi á sì gba abẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tó dí àárín wọn wọlé.

Ìwé náà yóò tún fi ibi tí àwọn apá fáànù rọ́bà tó ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù gbọ́dọ̀ kọjú sí hàn yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ; ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí ẹ wò ó bóyá omi ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tú, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tún fáànù náà yẹ̀ wò.