Bí a ṣe ta bar orin 502 kí ìlù wa lè dún, àti bí owó rẹ̀ ṣe há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjìlá kí a ṣeré ni awọ ìlù timpani wa ya. Mo rò pé awọ nìkan la ó pààrọ̀. Ìgbà tí alátùn-únṣe tú ìlù náà palẹ̀ ló tó rí i pé irin tí onílù ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò ti jẹ, àti pé ti ìlù kejì náà ń jẹ lọ. Iye tó dá lé wa jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó tó wà lápò ẹgbẹ́. Èmi ni akápò ọ́kẹ́sítírà wa, n kò sì rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Symphony Karùn-ún ti Beethoven, orin ọ́kẹ́sítírà gígùn tó ní apá mẹ́rin, la ti ń fi oṣù mẹ́rin dánra wò. Tí apá kẹta bá ń wọ inú apá kẹrin, timpani ló ń rọra lù lábẹ́ àwọn violin títí gbogbo ohùn á fi bẹ́ jáde. Tí kò bá sí ìlù yẹn, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ti sú àwọn èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lo viola, ohun èlò olókùn tó tóbi díẹ̀ ju violin lọ, ló ní kí a ta orin náà fúnra rẹ̀. Bar, ìyẹn ègé kéékèèké tí wọ́n pín orin sí lórí ìwé, 502 ló wà ní apá kìíní. Ẹni tó bá sanwó á ní bar kan, a ó tẹ nóòtì inú rẹ̀ sórí káàdì fún un, a ó sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri lálẹ́ eré. Ọdún 1827 ni Beethoven kú, orin rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, a ò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ṣì wà láyé ni, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé tí a pín pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Symphony yìí ní Vienna, ní December 22, 1808, Beethoven fúnra rẹ̀ ló ṣètò eré náà kó lè fi rówó. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni àwọn èèyàn fi jókòó nínú òtútù. Gbólóhùn yẹn mú ọ̀pọ̀ èèyàn dáwó.

Títẹ káàdì àti pípín ìwé kò ní wàhálà kankan. Bar 1 sí 5, níbi tí orin ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ti tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó mọ́ tán. Ó ṣì ń dùn mí pé iye kan náà la ta gbogbo rẹ̀. Gbàǹjo ló yẹ ká fi márùn-ún yẹn ṣe, àti bar 268, níbi tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́ tí fèrè oboe nìkan ń sọ̀rọ̀. Ìyá tó ra bar 1 padà wá bi wá léèrè pé kí ni àmì tó ṣáájú nóòtì mẹ́ta tó wà lórí káàdì òun. Olùdarí wa gba káàdì náà, ó ní, “Ìdákẹ́ nìyẹn, Mà. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń mí sínú.” Ìyá yẹn di káàdì náà mú bí ẹni di ẹyin mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tà á tán. Owó kò wá jáde.

Ojú òpó kan tí wọ́n fi ń dáwó la lò. Mo mọ̀ pé wọ́n á yọ ìdá tiwọn. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti mú kí n fi orúkọ ara mi ṣí àkáǹtì: orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lókè ìkéde, orúkọ mi ló wà ní báńkì. Bí mo ṣe ní kí wọ́n sanwó, wọ́n ti owó pa. Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíì ló dáhùn, ó ní kí n mú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti yàn mí ní akápò wá. Ó wà, ṣùgbọ́n alága kò tíì fọwọ́ sí i, ó sì wà ní ìrìnàjò. Ó fọwọ́ sí i níbi tó wà, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní fọ́tò náà ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹnì kẹta kọ̀wé sí mi pé kí n jọ̀ọ́, kí n mú ìwé òfin ẹgbẹ́ wá. Ìwé kan náà! Kò sí nọ́ńbà kankan tí mo lè pè. Alátùn-únṣe ò sì ní bẹ̀rẹ̀ láìrí owó àsansílẹ̀. Alága ló yọ ọ́ lápò ara rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tó ra bar. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á wá ní, “Ìlù yẹn ń kọ́?” Mo rí ohun tó wà lójú wọn. N kò jẹ gbì, mo sì ń kú gbì.

Ohun tó tú owó náà sílẹ̀ ni pé mo kó gbogbo ìwé pa pọ̀ sínú fáìlì kan, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn wa sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, alága àti akọ̀wé sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó fi hàn pé èmi ni akápò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó wọlé. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni! Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì kí ẹ tó tẹ káàdì kan. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìdá tí ojú òpó máa yọ kún iye tí ẹ ń wá. Èmi ò fi kún un, èyí tó ṣẹ́ kù sì jẹ́ ká jẹ alátùn-únṣe ní gbèsè díẹ̀ fún oṣù kan.

Ìlù dé, ó sì dún. Lálẹ́ eré, àwọn èèyàn ń fi ìka wá nọ́ńbà wọn lára ògiri, ìyá oníbar 1 sì jókòó síwájú, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ olùdarí.

Apá kẹrin la fẹ́ tà báyìí, níbi tí fèrè trombone mẹ́ta ti ń wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú orin náà. A ti ṣí àkáǹtì. Mo fi owó kékeré sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo sì gbà á padà lọ́jọ́bọ̀.