Bí a ṣe ń fi ìrìn ìṣẹ́jú 6 wọn agbára ẹni tí a bí àìsàn ọkàn mọ́

Wọ́n ti dí ihò tó wà nínú ọkàn ẹnì kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ojú abẹ ti san, síbẹ̀ bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í ṣe ọkàn nìkan ló ń fà á. Abẹ tí wọ́n fi la àyà ní kékeré lè mú kí igbá àyà le, kí iṣan tó ń fa èémí wọlé má sì lágbára tó, ẹ̀dọ̀fóró kò wá ní ráyè fẹ̀ dáadáa. Ẹ bèèrè fún ìdánwò èémí, èyí tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, nílé ìwòsàn. Ìrìn ìṣẹ́jú 6, ìyẹn wíwọn bí ẹni náà ṣe lè rìn jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú 6, rọrùn jùyẹn lọ, àmọ́ kí dókítà fọwọ́ sí i ná, kí físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) tàbí nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀.

Ẹ wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tẹ́jú, tó gùn tó mítà 30. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i ní mítà 3, mítà 3, kí ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́.

Kó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Fún àgbàlagbà, bí ọkàn bá ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí ìjókòó, tàbí tí ìfúnpá ju 180/100 lọ, ẹ sún un síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ yìí lè sọ pé ọ́síjìn pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ọ́síjìn ti àwọn kan kì í sì í pé láti ilẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní ń dàpọ̀ nínú ọkàn wọn. Ẹ bi dókítà ní iye tó jẹ́ ti ẹni yìí gan-an.

Ẹ tẹ aago. Kó rìn, kó má sáré. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó fara ti ògiri, aago ò ní dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wà, torí bí ẹ bá wà níwájú, ìrìn tiyín ni yóò máa tẹ̀lé. Ẹ kàn máa sọ jẹ́jẹ́ pé, "O ń gbìyànjú, ó ku ìṣẹ́jú 5." Bí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí òógùn bò ó lójijì, ẹ gbé àga wá kíá, ẹ pe dókítà.

Bí àkókò bá pé, kó dúró síbi tó wà. Àlọ-àbọ̀ kan jẹ́ mítà 60. Bó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀méje, tó fi mítà 12 lé e, mítà 432 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn àti ìlù ọkàn. Ẹ má fi wé ti ọmọ aládùúgbò, torí ọjọ́ orí àti gíga ara ń yí i padà. Tirẹ̀ àná ni kí ẹ fi wé tòní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, lẹ́yìn oògùn kan náà.

Ìwé yìí ni dókítà máa wò kó tó sọ irú eré ìdárayá tó yẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti tún ọkàn wọn ṣe ló lè máa rìn kánmọ́kánmọ́, níwọ̀n tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Àmọ́ ẹni tí ìfúnpá inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga kò gbọdọ̀ fipá ṣe é láìsí dókítà ọkàn tó ń darí rẹ̀.