Bí ẹ ṣe lè dán an wò bóyá omi tó ki tàbí omi tó fẹ́lẹ́ ń yí iṣẹ́ ásíìdì padà nínú túbù kíndìnrín

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó máa ń da èèyàn rú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú: kì í ṣe gbogbo nǹkan tó bá yọ́ sínú omi ló ń mú sẹ́ẹ̀lì súnkì o. Yúríà máa ń ráyè wọ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, tó bá ti wọlé tán agbára ẹ̀ tán nìyẹn, àmọ́ mannitol, tó jẹ́ nǹkan kan tó jọ ṣúgà, kì í wọlé, ìta ló máa dúró sí tá á máa fa omi jáde. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lò ó.

Túbù tẹ́ ẹ máa lò ni thick ascending limb, ìyẹn apá kan lára túbù kíndìnrín, torí kì í jẹ́ kí omi gba ara ẹ̀ kọjá, tí báíkábọ́nétì, ìyẹn nǹkan tó ń pa agbára ásíìdì, bá dín kù nínú omi tó jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ mọ̀ pé túbù ló gbà á, kì í ṣe pé omi là á. Ẹ jẹ́ kí omi inú àti ti ìta jẹ́ 290 mOsm (ìwọ̀n bí nǹkan tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó), báíkábọ́nétì 25 mM, CO2 5%, ní 37°C. Ká ní omi ń gba inú túbù ní 2 nL láàárín ìṣẹ́jú kan, báíkábọ́nétì wọlé ní 25 ó jáde ní 22, túbù sì gùn ní 0.5 mm: ẹ fi 3 sọ 2 di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 0.5 pín in, 12 pmol ni ìṣẹ́jú kan fún mm kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá fi mannitol sí omi náà kó lè ki, ẹ má fọwọ́ kan báíkábọ́nétì rárá. Iye yẹn máa já wálẹ̀, torí NHE3, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń gba sódíọ̀mù wọlé tó sì ń ti háídírójìn (ásíìdì) jáde sínú túbù kí túbù lè gba báíkábọ́nétì, iṣẹ́ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Omi tó fẹ́lẹ́ ló ń ṣe òdìkejì, òun ń mú NHE3 ta kìjí nípasẹ̀ PI 3-kinase, ìyẹn ẹ́ńsáìmù kan tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín gan-an rèé o: tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú omi fẹ́lẹ́, ẹ má kàn yọ iyọ̀ kúrò, sódíọ̀mù tí NHE3 ń lò náà lẹ dín kù yẹn, ẹ ò ní mọ èwo ló ṣe é. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi mannitol rọ́pò díẹ̀ lára iyọ̀, tó bá wá tó àsìkò, mannitol yẹn nìkan lẹ máa yọ. Lẹ́yìn náà ẹ dá omi àkọ́kọ́ padà, kẹ́ ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, túbù tí iye ẹ̀ ò bá padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ìyókù.