Bí Mo Ṣe Sá Yípo Central Park Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹni tí ó bá ń múra fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú New York kò lè yẹ Central Park sílẹ̀, nítorí pé inú ọgbà yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá eré náà ní ọdún 1970, kí wọ́n tó gbé e káàkiri ẹkùn márààrún ìlú náà ní 1976, ibẹ̀ ni ó sì ń parí sí títí di òní. Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó yí ọgbà náà po fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10, mo sì pinnu láti sá a yípo lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹnu ọ̀nà òpópónà 110 ní Harlem ni mo gbà wọlé, mo sì yà sí ọ̀tún. Mo dìídì yan ibẹ̀ nítorí pé ìsàlẹ̀ Harlem Hill ni, òkè tí ó le jù nínú ọgbà náà. Ọ̀nà rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, ènìyàn kò lè rí téńté rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ sárésáré tí wọ́n fi ń ná gbogbo agbára wọn tán nígbà tí òkè ṣì kù níwájú. Èmi kò wo aago níbẹ̀ rárá, èémí mi ni mo ń ṣọ́. Mo gé ìṣísẹ̀ mi kúrú, mo gbé àyà sókè, mo sì ń sọ gbólóhùn kan sí ara mi láti ìgbà dé ìgbà. Bí n kò bá ti lè sọ ọ́ tán láìmí hẹlẹhẹlẹ, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dẹwọ́.

Ọ̀nà àbùjá kan wà ní òpópónà 102 tí ènìyàn lè fi yẹ òkè yìí sílẹ̀. N kò gbà á, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbà á, nítorí pé lọ́jọ́ ìdíje, òkè Fifth Avenue ń bẹ níwájú lẹ́yìn kìlómítà 35, kò sì ní àbùjá.

Apá ìwọ̀ oòrùn ń lọ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀, gúúsù sì tẹ́jú. Ní ìlà oòrùn ni Cat Hill wà, níbi tí ère idẹ ẹranko kan tí ó jọ ẹkùn ti ba lórí àpáta, bí ẹni tí ó fẹ́ fò mọ́ èrò ọ̀nà. Òkè náà kò gùn, ṣùgbọ́n ní ìyípo kẹta, ó gba sùúrù ju Harlem Hill lọ.

Láti ibẹ̀ dé Harlem, ìsọ̀kalẹ̀ ni ó pọ̀ jù, ohun tí ó sì fún mi níṣẹ́ jù lọ nìyẹn. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré sọ̀kalẹ̀, iṣan iwájú itan a máa nà bí ó ti ń dá ara dúró, ìyẹn ni ó sì ń mú un ro ẹni lọ́jọ́ kejì. Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi máa balẹ̀ lábẹ́ ara mi, n kò nà án síwájú. Síbẹ̀, nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì, itan ni ó ro mí, kì í ṣe iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Nítorí náà, ìsọ̀kalẹ̀ ni mo ti fi kún ìdánrawò mi báyìí.