Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù ìwádìí níbi iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wádìí ẹni kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ aláàbò kì í ṣe kékeré: orúkọ ìyá, gbogbo ilé tẹ́ ẹ ti gbé rí, NIN, àwọn onídùúró.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní káfè ní Takie tàbí Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ má kàn sanwó kẹ́ ẹ dìde. Ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kẹ́ ẹ tún lọ pa á rẹ́ nínú Recycle Bin, kẹ́ ẹ jáde nínú ímeèlì yín pátápátá. Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp oníkáfè ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ dúró tì í kó pa á rẹ́ lójú yín, bó bá fẹ́ kó fajú ro.

Ní ti NIN, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gba vNIN, ìyẹn nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tó ń dúró fún NIN yín. Inú áàpù NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, lẹ ti máa ṣe é, wákàtí 72 péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì ni wọ́n fẹ́, ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́, ìdí tẹ́ ẹ fi mú un wá àti déètì gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ pe onídùúró yín kẹ́ ẹ tó kọ nọ́ńbà wọn.

Òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún yín láyè láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Àmọ́ ẹ má torí àṣírí purọ́ nínú fọ́ọ̀mù o. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ mú PIN káàdì tàbí OTP (nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín) wá, gbájú-ẹ̀ ni.