Bí a ṣe ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó gbé ìwé kankan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ ó máa fi dá a mọ̀: ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti irú ìwé tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá fo èyí kàn ń kó ìwé jọ ni, kò tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún ṣáájú nínú ọjọ́, bíi 2024-03-15, kí àwọn fáìlì lè tò tẹ̀ léra.

Bí ìwé bá wà lórí bébà, ẹ fi skánà, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìwé sórí kọ̀ǹpútà, yà á, kí ẹ sì jẹ́ kí OCR, ètò kọ̀ǹpútà tí ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ gidi, ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán lásán ni ẹ ní. Ẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó lè ka òdo (0) sí lẹ́tà O.

Ibi tí wàhálà ti sábà ń wáyé ni ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń tún ìwé kan náà ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó dára fún títọ́jú ìwé máa ń jẹ́ kí ẹnì kan gba ìwé náà jáde, yóò sì tì í mọ́ àwọn yòókù títí ẹni náà yóò fi dá a padà. Ẹ̀dà tuntun, bíi 1.1, yóò wà lókè, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀, 1.0, kò ní parẹ́.

Ẹ fún oníkálukú ní àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè nìkan, kí ètò náà sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó ṣí ìwé àti àkókò tí ó ṣí i.