Bí Mo Ṣe Gba Ilé Olókùúta Lórí Tábìlì àti Lórí Kọ̀ǹpútà

Ilé olókùúta kan, pápá gbalasa níwájú rẹ̀, ọ̀tá nínú rẹ̀, èmi àti àwọn sójà mi nínú igbó ní òdìkejì. Iṣẹ́ tí mo gbé fún ara mi ni kí n gba ilé náà: lórí tábìlì lákọ̀ọ́kọ́, nínú Advanced Squad Leader, eré ogun onípáálí àti dáìsì tó jáde ní 1985, lẹ́yìn náà lórí kọ̀ǹpútà, nínú eré ogun tí wọ́n ń pè ní Combat Mission.

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lórí máàpù eré tábìlì yìí, ojú onígun mẹ́fà kọ̀ọ̀kan tó mítà 40, ìpele kan sì dúró fún ìṣẹ́jú 2. Dáìsì 2 ni ẹni tó ń yìnbọn ń jù. Bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ọta rẹ̀ ṣe ń ṣọṣẹ́ tó. Ilé olókùúta ń fi 3 kún iye yẹn, ààbò ńlá sì ni fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ní ti ẹni tó ń sáré ní gbangba, 2 ni wọ́n ń yọ: 1 nítorí pé kò sí ibi ìfarapamọ́, 1 nítorí pé eré ló ń sá, kò rọra rìn. Ìyàtọ̀ 5 nìyẹn láàárín èmi àti ọ̀tá! Ẹni tó bá kàn dà sí pápá, ikú ló ń wá.

Mo wá pín àwọn èèyàn mi sí méjì. Àwọn tó ní ìbọn arọ̀jò-ọta dúró sínú igbó pẹ̀lú ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù, torí ọ̀gá tó dáńtọ́ ń bá wọn dín iye dáìsì kù. Ẹni tó bá yìnbọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kò ní lè rìn mọ́, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n pa ọ̀tá tán ni mo ń wá, kí ọkàn ọ̀tá já ni. Bí ọta bá bà wọ́n, wọ́n á ju dáìsì. Bí iye rẹ̀ bá ju nọ́ńbà ìgboyà wọn lọ (7 ni ti ọ̀wọ́ sójà Jámánì tó wọ́pọ̀), a ó yí páálí kékeré tó dúró fún wọn dà, wọn kò ní lè yìnbọn mọ́ títí ara wọn yóò fi balẹ̀.

Pápá gan-an ló le. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé lè yìnbọn bí mo ṣe ń rìn, àmọ́ bó bá ti yìn ín, agbára rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn dín kù púpọ̀. Mo rán ọ̀wọ́ kan jáde ṣáájú kí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù èéfín. Páálí ni wọ́n lóòótọ́, síbẹ̀ ó wúwo lọ́kàn mi láti rán wọn lọ gba ọta nítorí àwọn yòókù. Ọ̀tá dojú ìbọn kọ wọ́n. Ìgbà náà ni àwọn tó kù rọra ń yọ́ rìn lẹ́yìn èéfín, ojú kan ní ìpele kan, títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n wọlé, ó di ìjà ojúkojú.

Kọ̀ǹpútà kì í fi ìṣirò han èèyàn. Nínú Combat Mission, èmi àti ọ̀tá a pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú 1 á sì ré kọjá lójú wa láìsí ẹni tó lè yí ohunkóhun padà. Lórí tábìlì, mo rí páálí tí a yí dà. Níbí, fèrèsé kàn dákẹ́ ni, àmì ìbéèrè dúró níbi tí a ti rí ọ̀tá gbẹ̀yìn. Ṣé wọ́n ti sá ni, àbí wọ́n dùbúlẹ̀ dè mí? Nítorí èyí ni mo ṣe jẹ́ kí ìbọn máa dún lé fèrèsé yẹn pẹ́ ju bí mo ṣe ṣe lórí tábìlì lọ, mo sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdúró díẹ̀ kí wọ́n má baà jáde pọ̀. N kò ní kí wọ́n sáré tete láti òpin pápá, torí ó ń rẹ̀ wọ́n, sójà tó ti rẹ̀ kò wúlò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀tá.

Èmi gbà pé tábìlì ló yẹ kó ṣáájú. Starter Kit àkọ́kọ́, ìyẹn àpótí Advanced Squad Leader fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà, tí ilé iṣẹ́ Multi-Man Publishing gbé jáde ní 2004, kò ní ọkọ̀ ogun kankan, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti ohun ìjà wọn nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì tó láti kọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe yìí.